Pokémon wo ló fi ojú yín rí màbo kí ẹ tó mú un?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ará, nínú àwọn ẹran inú géèmù Pokémon tá a máa ń ju bọ́ọ̀lù mú, kí kálukú sọ èyí tó yọ ọ́ lẹ́nu jù. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

Snorlax ni tèmi, nínú géèmù Pokémon FireRed. Orí fóònù ni mo ti gbá a, torí Game Boy Advance tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é jáde ní 2004, ilé àwọn olówó nìkan la ti ń rí i. Ẹ mọ Snorlax: ó tóbi rọ̀bọ̀tọ̀, ó sùn dí ojú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè kọjá. Àfi kéèyàn fọn fèrè tí bàbá Fuji fún wa ní ìlú Lavender kó tó jí, ìjà ló sì máa ń bá jí. Méjì péré ló wà nínú gbogbo igbó Kanto, ilẹ̀ inú géèmù náà, ọ̀kan ní Route 12, ìkejì ní Route 16. Tó o bá lu ọ̀kan dákú, o ti pàdánù ẹ̀ nìyẹn, ó ku ẹyọ kan.

Kéèyàn lu ẹran ṣubú kò le. Kéèyàn lù ú kó kù díẹ̀ kó ṣubú, kó má sì ṣubú, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ivysaur, Pokémon tèmi, ń fi ewé Razor Leaf ya á lára títí àmì ẹ̀mí ẹ̀ fi wọ pupa. Mo ju Great Ball. Bọ́ọ̀lù mì lẹ́ẹ̀kan, ó mì lẹ́ẹ̀kejì, ó là. Ni Snorlax bá lo Rest. Ó sùn, ẹ̀mí ẹ̀ sì kún padà bámúbámú. Gbogbo làálàá wa dòfo!

Àwọn kan á ní ṣebí ẹran tó ń sùn ló rọrùn láti mú. Òótọ́ ni, oorun a máa sọ àǹfààní bọ́ọ̀lù di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n eléyìí, bó ṣe ń sùn náà ló ń hanrun, ìhanrun ọ̀hún sì ń ṣeni léṣe. Ká má tí ì sọ ti Belly Drum: á lu ikùn ara ẹ̀, ìdajì ẹ̀mí ẹ̀ á lọ, agbára ẹ̀ á wá dé góńgó. Ìhanrun kan ṣoṣo lẹ́yìn ìyẹn, Ivysaur mi ti nà gbalaja.

Haunter tí mo mú nínú ilé gogoro Lavender ló gbà mí. Iwin ni Haunter, irú tí wọ́n ń pè ní Normal sì ni ìhanrun, kò ràn iwin. Snorlax ń hanrun, Haunter ń wò ó níran. Mo wá ní kó fi Hypnosis kùn ún lóorun, kó má baà ráyè lo Rest mọ́. Oorun Rest ló ń wo ọgbẹ́, oorun tí èmi fún un kì í wo nǹkan kan. Hypnosis máa ń tàsé gan-an o, ẹ fọkàn sí i. Àwọn NEPA ti mú iná láti àárọ̀, bátìrì fóònù náà ti wọ pupa. Nígbà tí Ultra Ball tó gbẹ̀yìn nínú àpò mi pa dé mọ́ ọn, igbe tí mo ké pọ̀ débi pé màmá mi béèrè látinú ilé ìdáná pé ta ló gbá a wọlé.

Àbíkẹ́ Bódìjà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ò lo save state tó ń dá géèmù padà sẹ́yìn ni?

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Mo tọ́jú géèmù kí n tó fọn fèrè, ìyẹn ò burú. Kéèyàn máa dá a padà ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá là, ọ̀jọ̀rọ̀ gbáà ni.

Àbíkẹ́ Bódìjà:
Háà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Èmi ò mú tèmi, mo rà á ni. Ọkùnrin kan wà ní ibùdó ìtọ́jú tó wà lẹ́bàá Mount Moon tó ń ta Magikarp ní 500 owó ibẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ó sì jọ bẹ́ẹ̀: Splash nìkan lẹja náà mọ̀, ó kàn ń ta pọ́ún pọ́ún ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìgbà tó dé ipele 15 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ luni. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ jù sínú ìjà, màá wá pè é padà kí ẹlòmíì bá a jà á, torí ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ kan ojú ìjà máa pín nínú ìrírí tó ń gbé ipele ga. Ní ipele 20, ó di Gyarados. Bọ̀ọ̀dá ò wí nǹkan kan mọ́.

Lẹ́yìn náà la dé ọ̀dọ̀ Lt. Surge, ọ̀gá ìjà ìlú Vermilion. Oníná mànàmáná ni Surge. Omi àti ìyẹ́ ni Gyarados, iná sì lágbára lórí méjèèjì, ìlọ́po mẹ́rin ló fi ń dùn ún. Raichu Surge nà án lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Diglett tí mo mú nínú ihò tó wà létí ìlú yẹn ló parí ìjà, kékeré bí àtàǹpàkò. Ọmọ inú ilẹ̀, iná kì í mú un.

Ẹlẹ́sẹ̀ UI:
Pokémon GO lèmi ń ṣe, èyí tá a ń gbé fóònù rìn kiri ìta ká tó rí ẹran mú. Àwa tó wà ní Áfíríkà la ní Tropius, tó fi ewé ṣe ìyẹ́, tí èso bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ̀ sí i lọ́rùn. Inú ọgbà Yunifásítì ni mo ti ń rìn kiri pẹ̀lú ẹyin tó ń pa lẹ́yìn ìrìn kìlómítà márùn-ún nígbà tí ọ̀kan yọ sí mi. Mo fún un ní èso Razz Berry kó lè rọrùn láti mú, mo yí bọ́ọ̀lù po kí n tó jù ú, ó wọlé. Mo tọ́jú ẹ̀ de ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Amẹ́ríkà, torí nígbà yẹn, àfi kẹ́ ẹ wà nítòsí ara yín kẹ́ ẹ tó lè ṣe pàṣípààrọ̀. Nígbà tó wálé, Tauros tiwọn lọ́hùn-ún ló fún mi, akọ màlúù. Ọmọ Ìbàdàn tó ń rí màlúù ní ọjà Akínyẹlé títí ojú fi sú u!

(Tẹ́ ẹ bá dé Ìwó Road, ẹ jẹ́ kí fóònù wà lápò, bí ẹran tó yọ ì báà jẹ́ wúrà.)

Bàbá Ìbejì Òkè-Àdó:
Ọmọ mi ju bọ́ọ̀lù lu ẹran tí ẹlòmíì fi ń bá a jà. Olóhun gbá bọ́ọ̀lù náà dànù, géèmù sì ní kó má ṣe olè. Ó ń bínú. Mo ní Ìbàdàn nìkan lolè ti ń jàre olóhun, Kanto kì í ṣe ilé Olúyọ̀lé.

Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí Abra tó wà lókè ìlú Cerulean. Ó bá ti rí wa, Teleport, ó ti lọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá:
Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Teleport nìkan ni Abra mọ̀, kò lè lù yín, ẹ̀yin náà ẹ má lù ú. Ẹ wá Caterpie nínú igbó Viridian. Ní ipele 10, á ti di Butterfree, tó bá di 15, á mọ Sleep Powder. Kó lé díẹ̀ sí i kó lè yá ju Abra lọ. Ẹ fi oorun kùn ún, kẹ́ ẹ tó ju bọ́ọ̀lù.

Ní ipele 16, Abra á di Kadabra. Tó bá ti débẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà gbé fóònù ẹ̀ wá sí Mọ́kọ́lá, torí pàṣípààrọ̀ nìkan ló ń sọ ọ́ di Alakazam. Màá dá a padà fún un o, mi ò ní gbé e lọ.