Ilé rírà n'Íbàdàn: Akóbọ̀ ni àbí Mọníyà?

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ilé ni èmi àti ìyàwó mi fẹ́ rà, ọ̀rọ̀ náà sì ti di fà-á-kája. Nọ́ọ̀sì ni ní UCH, Akóbọ̀ ló wù ú. Èmi máa ń lọ Èkó ṣiṣẹ́, Mọníyà ni mo ń wò, torí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ Èkó láti 2021. Owó tí wọ́n pè níbẹ̀ náà tún rọjú. Àmọ́ kí ìyàwó mi máa ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ wá sí Mọníyà, ọ̀nà yẹn jìn, kí n má parọ́.

Ilé Akóbọ̀ tá a yẹ̀ wò dára, ó ní kànga, ó ní fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà tuntun kun ìsàlẹ̀ ògiri yíká, kò kọjá orúnkún mi. Ọ̀dà òkè ti ṣì. Ajẹ́ńtì ní ẹwà ni. Ẹwà wo? Ta ló gbàgbé omíyalé oṣù Kẹjọ 2011?

Ẹ̀yin ará Akóbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi máa ń wọlé ládùúgbò yín lásìkò òjò? Gosiló Ojúrin ńkọ́, aago mélòó lèèyàn gbọ́dọ̀ ti jáde láàárọ̀? Ẹ̀yin ará Mọníyà, ṣé iná ń dúró? Ṣé àwọn ọmọ onílẹ̀ ṣì ń yọ ẹni tó ra ilé lẹ́nu? Ìwé sọ́fè, ìyẹn ìwé tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn, nìkan ló wà lọ́wọ́ onílé ibẹ̀. Ta ló ti gbé irú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò ní Sẹkitéríàtì Agodi rí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?