Àbọ̀ ọ̀rọ̀ Gotland: ohun tó ṣiṣẹ́ láìsí mọ́tò

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo bèèrè bí ẹni tí ò ní mọ́tò ṣe lè rí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé àti igbó tí ìjọba ń dáàbò bò ní Gotland, erékùṣù Sweden yẹn. Mo ti lọ, mo ti dé. Ẹni tó ní kí n háyà kẹ̀kẹ́ ní Visby, olú ìlú erékùṣù náà, ló gbà mí, torí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn sì lé ní 90, wọn ò jìnnà síra, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń ṣílẹ̀kùn nígbà ooru. Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Bro ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, òkúta tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún mọ sára ògiri, mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ ṣá: ó gbé mi dé èbúté Fårösund, ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá sí Fårö, erékùṣù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gotland, ò sì gba kọ́bọ̀, àmọ́ ẹ ní kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ o, Langhammars tí òkun ti gbẹ́ àwọn òpó òkúta gàgàrà yẹn jìnnà sí èbúté. Stora Karlsö, erékùṣù ẹyẹ, ló kù, ọkọ̀ tó ń lọ láti Klintehamn ti kún. Ẹ tètè gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ṣé gan-an.