Kí ni wọ́n ń pe mọ́tò olówó pọ́ọ́kú láyé àtijọ́?

Àbíkẹ́yìn Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Lọ́jọ́ Àìkú, mo wa Picanto tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sílé wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Bàbá mi yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbá a lórí pẹ́pẹ́, wọ́n ní, "Ìjàpá tún ti wáyé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ bi àwọn ẹgbẹ́ mi. Mọ́tò wo ni ìjàpá? Tòkúnbọ̀ nìkan lèmi mọ̀.

Sẹ́gi: Volkswagen àtijọ́ ni, èyí tó rí roboto. Ṣùgbọ́n Picanto ò jọ ìjàpá o. Bàtà ló jọ.

Bàbá Mẹkáníìkì: Ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣe rìbìtì bí igbá ẹ̀yìn ahun ló fún un lórúkọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Tíṣà ń wà á, nọ́ọ̀sì ń wà á. Iwájú ni búútù rẹ̀, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì. Kò ní rèdíétọ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní Mushin, ọ̀gá mi ní kí n lọ bu omi sí mọ́tò oníbàárà kan. Mo ṣí iwájú, àpò gààrí ni mo bá. Ni mo bá figbe ta: "Ọ̀gá, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì!" Títí ọ̀gá fi kú, "Wọ́n-jí-ẹ́ńjìnnì" ni wọ́n ń pè mí.

Tòkúnbọ̀ tí o dárúkọ yẹn, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé ni. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, apá òṣìṣẹ́ ò ká mọ́tò tuntun mọ́, àlòkù Yúróòpù wá ń ya wọlé gba Kútọnu. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn gbọ́n púpọ̀. Ta ló máa tijú ọmọ tó tòkun bọ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbàgbé kàbúkàbú! Takisí tí kò kun ọ̀dà takisí, tí kò gbàwé àṣẹ. Láàárọ̀, Datsun bàbá wa ń lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dìrọ̀lẹ́, kàbúkàbú ni, láti Ọjọ́ta sí Kétu. Alẹ́ Sátidé ni màmá wa ń fi ọṣẹ fọ ìjókòó ẹ̀yìn, ká má baà gbé òórùn ẹja èrò wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbíkẹ́yìn Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Mẹkáníìkì fún bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn náà ní ìjàpá rí, aláwọ̀ ewé, àwọn tà á láti fi gbé màmá wa níyàwó. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ wọn: irọ́ ni, ti ẹ̀gbọ́n wọn ni, wọ́n kàn ń yá a lò ni.