Ọmọ mi ń pè mí ní Àǹtí: ìrírí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa

Aránṣọ, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó béèrè bí àwa tí a dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ṣe ń ráyè gbọ́ ti ilé, ibi tó ń dùn mí gan-an ló fọwọ́ kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Télọ̀ ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tí mo ti gba òmìnira. Iwájú ilé tí à ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti pálọ̀. Nígbà tí mo rí ibẹ̀ gbà, gbogbo èèyàn ló kí mi kú oríire, pé mi ò ní máa wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, pé màá máa rí ojú àwọn ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ilé náà làwọn oníbàárà á máa wá kànlẹ̀kùn sí láago mọ́kànlá alẹ́.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé ó ní àsìkò. Lẹ́yìn Ọdún Tuntun, ẹ lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú láìrí ẹni tó máa tún ìbàdí yẹ̀rì ṣe. Àmọ́ bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tí oṣù Kejìlá bá wọlé pẹ̀lú ìgbéyàwó Sátidé-Sátidé, ẹnìkan ṣoṣo á gbé aṣọ ẹbí ogún èèyàn dé, á ní ọ̀sẹ̀ yìí náà lòun ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù oṣù Kìíní á ti máa bà yín, ẹ ò ní lè sọ pé rárá. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbà.

Nígbà tí wọ́n wá yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bí igba náírà di nǹkan bí 500 náírà, mo pa jẹnẹrétọ̀ tì. Ìgbà tí iná bá dé ni mò ń ránṣọ, ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n sì ń mú un wá. Mo máa ń fi súìṣì gílóòbù yàrá sílẹ̀ láìpa kó lè jí mi. Tó bá ti tàn láago kan òru, màá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, màá lọ jókòó ti maṣíìnì.

Orí fífọ́ ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n wọn ìfúnpá mi, ó jẹ́ 160 lórí 100. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà yẹn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé wákàtí mélòó ni mò ń sùn, mi ò rí nǹkan kan sọ. Síbẹ̀, ká sòótọ́, ìyẹn kọ́ ló yí mi padà. Mo gba oògùn, mo padà sídìí maṣíìnì.

Àbígbẹ̀yìn mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń gé lésì olówó ńlá kan, àlùmọ́gàjí ṣì wà láàárín aṣọ, ló bá wá dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn yẹn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, màmá ní kí ẹ wá jẹun."

Àǹtí làwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè mí. Màmá tó ń wí yẹn, ìyá ọkọ mi ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń dúró de èsì bí wọ́n ṣe máa ń dúró.

Ìyá ọkọ mi ò bá mi jà. Wọ́n kàn sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé bàbá àwọn, àgbẹ̀ paraku, kì í yọ ẹsẹ̀ sóko lọ́jọ́ Jàkúta. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ wọn nígbà náà. Tí Jàkúta bá ti pé, ọkọ́ á wà lára ògiri. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí bàbá yẹn náà ò ní ọ̀gá kankan. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn, òjò ò sì ní dúró dè wọ́n.

Mo ra ìwé ńlá kan, mo fa ìlà sí i. Aṣọ mẹ́jọ lọ́sẹ̀, ó parí. Tó bá ti kún, màá ṣí i han oníbàárà. Ẹni tí ì bá bá mi jiyàn títí ká ní ẹnu ni mo fi sọ pé ọwọ́ mi dí, tó bá ti rí orúkọ àwọn tó ṣáájú ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á ní kí n fi òun sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, a ó palẹ̀ mọ́, màá fi aṣọ bo maṣíìnì. A kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Mo sì pa súìṣì gílóòbù yẹn.

Mi ò ní parọ́ fún yín, owó lọ. Oníbàárà kan tó máa ń kó aṣọ gbogbo ẹbí ẹ̀ wá bá ẹlòmíì lọ ní oṣù Kejìlá yẹn, kò padà mọ́. Mo sunkún lórí ẹ̀. Ohun tó gbà mí ni àjọ ojoojúmọ́ tí mò ń dá nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, tí mi ò sì ń kó títí oṣù Kìíní á fi wọlé. Bí mo ṣe rí i, ẹ̀rù pé ebi ń bọ̀ ló ń mú ká gba ohun tí agbára wa ò ká.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, Òṣogbo

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Àǹtí. Fóònù ni ìlẹ̀kùn tèmi. New York làwọn tí mò ń bá kọ ìkànnì wà. Tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wọn ni aago mẹ́wàá alẹ́ wa. Tí wọ́n bá yí aago padà ní oṣù Kọkànlá, ó di mọ́kànlá. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣíwọ́ ni wọ́n máa ń rántí mi.

Bàbá mi wá kí mi láti Ìkìrun. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti lọ wọ mọ́tò. Iṣu méjì tí wọ́n gbé wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

Láti ìgbà náà, kí n tó gbowó ẹnikẹ́ni, màá ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé láti aago méjì ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́ tiwa ni mò ń dáhùn. Nínú àwọn mẹ́rin tí mo ní, ẹnìkan ló kọ̀ ọ́.

Onídìrí, London

Níbí, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ ò ní owó àìsàn táwọn tó níṣẹ́ oṣù ń gbà. Ìka mi wú, mo sì fi dirun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ní báyìí, nínú owó ẹni tó bá jókòó síwájú mi ni mo ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ara ò bá yá. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mò ń ṣe ìwé owó orí, mi ò jẹ́ kó di òru tó ṣáájú 31 oṣù Kìíní mọ́.

Àǹtí Ìbàdàn, ọmọ yẹn ńkọ́? Kí ló ń pè yín báyìí?

Aránṣọ, Ìbàdàn

Màmi ni, nínú ilé. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, á tún ní Àǹtí. Àmọ́ láago mẹ́fà, òun ló máa ń mú aṣọ tí mo fi ń bo maṣíìnì wá fún mi.