Ibo ni Documents wà gan-an lórí Windows? Kóòdù mi ń tọ́jú fáìlì síbi tẹ́nì kan ò lè rí

akẹ́kọ̀ọ́_python
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fi Python kọ nǹkan kékeré kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí màmá mi jẹ́ akọ̀wé wọn, owó tí kálukú dá lóṣù ló ń ṣírò, á wá kó o sínú fáìlì kan ní Documents kí màmá lè ṣí i fúnra wọn. Lórí Ubuntu tèmi kò sí wàhálà. Mo gbé e dé orí láptọ́ọ̀pù wọn tó jẹ́ Windows 11, kóòdù ní òun ti tọ́jú fáìlì, kò gbé ẹ́rọ̀ kankan jáde, àmọ́ tí màmá bá ṣí Documents, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀la ni ìpàdé wọn o. Ẹ wo ohun tí mo kọ:

folda = "C:/Users/" + os.getlogin() + "/Documents"
os.makedirs(folda, exist_ok=True)

Níbo ni mo ti ṣì í?

ọmọ_ògbómọ̀ṣọ́
Àbúrò, má fọwọ́ ara ẹ to "C:/Users" mọ́ orúkọ èèyàn mọ́. Ẹni tó bá yí orúkọ àkáǹtì ẹ̀ padà, fóldà ẹ̀ ò ní tẹ̀ lé e, orúkọ àtijọ́ ló ṣì máa jẹ́. Ti Mac, /Users ni, ti Linux, /home, Windows XP ayé ìgbà yẹn tiẹ̀ ń pè é ní "Documents and Settings". Path.home() ni kó o lò, òun á bá ẹ bi ẹ̀rọ léèrè ibi tí fóldà ilé ẹ wà, ìyẹn fóldà tó jẹ́ tìẹ lórí ẹ̀rọ, o wá fi "Documents" kún un. Ó parí.

ìyá_ìbejì_kóòdù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò tíì parí. Path.home() á gbé e délé lóòótọ́, àmọ́ Documents lè ti kúrò níbi tá a fi í sí. Lórí ọ̀pọ̀ Windows 11, OneDrive, ibi tí Microsoft ti ń tọ́jú fáìlì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbà á, C:\Users\orúkọ\OneDrive\Documents ló wà báyìí. Ó jọ pé ohun tó ṣe àbúrò wa nìyẹn, os.makedirs wá Documents dé ibi àtijọ́, kò bá a, ló bá dá òmíràn sílẹ̀, ó kó àkọsílẹ̀ owó olówó sínú ẹ̀, kò sì sọ fẹ́nì kankan. Ìdí tí mi ò fi ń lo os.makedirs sí fóldà tí kì í ṣe tèmi nìyẹn, Documents, oní-kọ̀ǹpútà ló ni ín, tí kóòdù ò bá rí i ó yẹ kó pariwo ni.

Windows fúnra ẹ̀ mọ ibi tó wà, láti ìgbà Vista ló ti ní SHGetKnownFolderPath tó ń dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò dìgbà tó o bá pè é fúnra ẹ, ṣe pip install platformdirs, àkójọ kóòdù Python tó máa bá ẹ wá àwọn fóldà báyìí, kó o wá kọ:

from platformdirs import user_documents_dir
print(user_documents_dir())

ará_kútọnu
Òótọ́ lìyá ìbejì sọ, kì í sì í ṣe Windows nìkan. Lọ́dọ̀ wa ní Kútọnu níbí, Faransé ni Ubuntu mi, Desktop ń jẹ́ Bureau, Downloads ń jẹ́ Téléchargements. Mo gba kóòdù kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ní Èkó, ó dá "Downloads" tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, odidi ọjọ́ kan ni mo fi wá fáìlì kiri. Ẹ ṣí ~/.config/user-dirs.dirs, ẹ máa rí i níbẹ̀: XDG_DOWNLOAD_DIR="$HOME/Téléchargements". platformdirs máa ń ka fáìlì yẹn.

akẹ́kọ̀ọ́_python
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín! OneDrive náà ni lóòótọ́. Mo lọ wo ibi àtijọ́, mo bá fáìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ti ń wá láti àná níbẹ̀, mo ti kó wọn padà, màmá sì ti ṣí wọn. Ìbéèrè kan ló kù, fáìlì sẹ́tín̄gì ńkọ́, èyí tí mi ò fẹ́ kí màmá ṣèèṣì pa rẹ́?

ìyá_ìbejì_kóòdù
Má kó ìyẹn sí Documents rárá. Lo user_data_dir("ajo", appauthor=False) látinú platformdirs, "ajo" dúró fún orúkọ ètò ẹ. Windows á gbé e sí AppData\Local, Mac á gbé e sí ~/Library/Application Support, Linux á gbé e sí ~/.local/share. Má gbàgbé appauthor=False yẹn o, láìsí i, lórí Windows wàá rí "ajo" nínú "ajo" lẹ́ẹ̀mejì. Tó o bá sì ń dán an wò lórí Ubuntu, má fi sudo, ìyẹn àṣẹ ọ̀gá ẹ̀rọ, ṣí i, torí fóldà ilé lè di /root, gbogbo ohun tó o bá tọ́jú á wá bọ́ síbi tí àkáǹtì tìẹ ò ti lè kà á.

akẹ́kọ̀ọ́_python
Mo ti gbọ́ mà. Màá yí i padà lálẹ́ òní kí wọ́n tó lọ ìpàdé.