Ẹ bá mi yẹ àwọ̀ irin àti òǹtẹ̀ ara ìbọn ológun àtijọ́ wò

Akọ̀wé Kàdúná
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mùsíọ́mù kan ní Kàdúná níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìbọn ológun àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa, Lee-Enfield, ìbọn àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ní adé lára, lábẹ́ adé náà ni G.R., B.S.A. Co., 1917, SHT.L.E. III*. Wọ́n tẹ U.S. PROPERTY sí apá òsì òmíràn. Ẹ̀kẹta dúdú, ó ń bó bí ọ̀dà ògiri, FTR 53 ló wà lára rẹ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ ká fi sáńpépà ha gbogbo wọn kí wọ́n lè máa dán lójú àlejò. Ọkàn mi ò gbà á. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́? Kí ni kí n rà fún iṣẹ́ yìí?

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Àbúrò, lọ bẹ ọ̀gá rẹ kí sáńpépà má kan irin yẹn rárá. Ohun tó bá bó lọ, kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá a padà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí ológun tó mọ ìbọn tú yẹ̀ wọ́n wò bóyá ọta wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, mú ti 1917 yẹn. Birmingham Small Arms (B.S.A.) ló rọ ọ́, nígbà Ọba George Karùn-ún, òun ni G.R. yẹn. SHT.L.E. ni Short Lee-Enfield. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn III yẹn jẹ́ ti irú èyí tí wọ́n dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kó lè yá láti rọ.

Pa iná yàrá, kí o tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ̀gbẹ́ gba orí òǹtẹ̀ náà. Bí wọn ò bá tíì ha irin náà rí, etí lẹ́tà á mú, ìdí rẹ̀ á jìn. Bí wọ́n bá ti ha á, lẹ́tà á ti fẹjú, apá kan adé lè ti parẹ́ pàápàá. Wá wo àwọn ihò wínníwínní tí ìdógùn-ún jẹ síbẹ̀. Bí inú ihò bá dúdú tó sì dán bíi ti ìta, a jẹ́ pé irin ti dógùn-ún kí wọ́n tó rì í sínú aró tuntun. Àwọ̀ yẹn kì í ṣe ti 1917. Ìbọn tó lọ sógun, tó wá ń dán bíi kóró iṣin lónìí, fura sí i.

Abẹ́ igi tó bo ọ̀pá ìbọn ni àwọ̀ àtilẹ̀wá máa ń pẹ́ sí jù, torí ọwọ́ àti oòrùn kì í dé ibẹ̀. Bí ológun yẹn bá tú u, ya fọ́tò ibẹ̀ kí wọ́n tó dá igi padà.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti àkọ́kọ́ tán. FTR ni ti ìbọn tó padà sílé iṣẹ́ tí wọ́n tú palẹ̀, tí wọ́n sì tún ṣe látòkèdélẹ̀. 53 ni ọdún 1953. Fazakerley, ní Liverpool, ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á kọ́kọ́ fi kẹ́míkà kan, fọ́sífeeti, wẹ irin títí á fi ní àwọ̀ eérú tí kì í dán, wọ́n á wá kun ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń pè ní Suncorite lé e. Níbi tó ti bó yẹn, wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ eérú, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ni. Bó bá jẹ́ irin funfun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ló kùn ún.

Èyí tó ní U.S. PROPERTY, má kọ ọ́ sí ìbọn ológun Amẹ́ríkà o. Ilé iṣẹ́ Savage ló rọ ọ́ ní Chicopee Falls, Massachusetts, fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Lend-Lease ti 1941, ètò tí Amẹ́ríkà fi ń yá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ohun ìjà. Nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ní C láàárín. Wá S onígun lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Èyí tó bá ní LB, Long Branch ní Kánádà ló ti wá.

Ti FTR yẹn, kọ ọ́ pé àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti àtilẹ̀wá.

Ẹ̀gbọ́n Gwarinpa
Mi ò fara mọ́ ìyẹn, ọmọ Ọ̀fà. Ìjọba tó ni ìbọn ló kùn ún nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ó kọ “àwọ̀ àtúnṣe ilé iṣẹ́, 1953”. Ẹni tó bá kà á á mọ ohun tójú ìbọn náà rí.

Ọmọ Ọ̀fà ní Jos
Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́rò Kúbwà
Ẹ̀yin tó ń kà á nílé, mùsíọ́mù nìyẹn o. Òfin Ìbọn ti 1959 dárúkọ ìbọn ológun .303 (ìwọ̀n ihò ọ̀pá ìbọn, ní ínǹṣì) láàárín àwọn tó kà léèwọ̀, láìsí ìwé àṣẹ Ààrẹ. Lee-Enfield wọ̀nyí, .303 ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á fún yín, ẹ má sún mọ́ ọn.

Akọ̀wé Kàdúná
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ti 1917: etí lẹ́tà mú, adé pé. Eérú ló wà lábẹ́ ọ̀dà FTR. Ọ̀gá ti gbà kí a dá sáńpépà dúró. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara bóòtù ìbọn Savage, irin tí wọ́n ń fà láti ti ọta wọnú ìbọn, ò bá ti ara ìbọn mu. Ṣé kí n fi í pamọ́, kí n má kọ ọ́?

Ìyá Àjọkẹ́, Minna
Má fi nǹkan kan pamọ́, ọmọ mi. Kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀ bí o ṣe rí wọn. Iṣẹ́ ìtọ́jú ohun àtijọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí wàá rà ò pọ̀: ìbọ̀wọ́, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, tọ́ọ̀ṣì, dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Fi bébà fẹ́lẹ́ lé òǹtẹ̀, kí o fi pẹ́ńsùlù rà á jẹ́jẹ́, gbogbo lẹ́tà á jáde. Má lo asítóònù, yóò ṣí ọ̀dà FTR yẹn. Nígbà ọyẹ́, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí o fi gbọn eruku. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, fi aṣọ òwú pa Renaissance Wax, ìda tí wọ́n fi ń dáàbò bo ohun àtijọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sára irin. Ṣe díẹ̀ níbi tó fara sin ná, kí o dúró di ọjọ́ kejì, kí o tó pa á kan gbogbo ara rẹ̀.