Ibo la ti lè rí gráǹtì fún iṣẹ́ ṣíṣa ọ̀rá àti ike jọ ní Kubwa?

ÌyáÀánú_Kubwa:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi àtàwọn obìnrin kan ládùúgbò wa níbí la máa ń ṣa ike mínírà àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ, torí gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa, òjò tí ò tó nǹkan báyìí omi ti wọlé. Àwọn baban bola, àwọn tó ń ra páńtí kiri, máa ń ra ike lọ́wọ́ wa, àmọ́ ọ̀rá yẹn wọn ò fẹ́ rí i sójú, wọ́n ní kì í wúwo lórí òṣùwọ̀n. A wá ń rò ó pé ká gba ibì kan, ká ra òṣùwọ̀n tiwa àti ẹ̀rọ tó ń fún ike pọ̀, ká tún máa kọ́ àwọn ọmọ LEA, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí, bí wọ́n ṣe ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Owó ni ò sí. Mo gbọ́ pé àwọn fandéṣọ̀n kan máa ń fúnni lówó téèyàn ò ní dá padà, ṣé òótọ́ ni, ta ló ti gbà á rí? Ẹgbẹ́ wa ò tíì níwèé kankan o, àdúrà la fi ń ṣí ìpàdé, àríyànjiyàn la fi ń tì í 😀

BàbáÌbejì_Lugbe:
Ìyá Àánú ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ gbà o, torí kò sẹ́ni tó máa san irú owó bẹ́ẹ̀ sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Orí íntánẹ́ẹ̀tì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lẹ ti máa ṣe é, incorporated trustees (ti ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè) ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi business name (orúkọ òwò) tàn yín pé owó ẹ̀ kéré, torí tẹ́ ẹ bá dé iwájú àwọn tó ń fúnni lówó, oníṣòwò ni wọ́n máa pè yín. Wọ́n máa gbé orúkọ ẹgbẹ́ yín jáde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá lòdì sí i sọ tiẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ìyẹn tán, ó ku ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ kí wọ́n má fi ẹgbẹ́ àti òwò fọ owó ẹ̀gbin, báńkì á béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ_Ọ̀fà:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kíkọ proposal (ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ gráǹtì) yìí ni mo fi ń jẹun, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un. Èyí tó bá yín mu jù ni GEF Small Grants Programme, gráǹtì kéékèèké ti àpò owó àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká, ó ti wà láti 1992, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè, ló ń bójú tó o, Abuja níbí náà ni ti Nàìjíríà, ẹgbẹ́ àdúgbò àti NGO (ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í ṣe tìjọba) kéékèèké ni wọ́n sì dìídì gbé e kalẹ̀ fún. Kì í sábà kọjá $50,000 fún ẹgbẹ́ kan, ọ̀pọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bi yín pé kí lẹ̀yin náà mú wá, kò di dandan kó jẹ́ owó o, ilẹ̀ tí ẹnì kan yọ̀ǹda, iṣẹ́ ọwọ́ yín, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà. ACT Foundation náà máa ń fún NGO lówó, ọ̀rọ̀ àyíká wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Coca-Cola Foundation ń náwó sórí àtúnlò ike, àmọ́ mi ò ní ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín dàgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ òwò lẹ fẹ́ fi ṣe, Tony Elumelu Foundation ló ń fún oníṣòwò ní $5,000, oṣù January ni wọ́n sábà máa ń ṣí i.

Ohun tó ń pa proposal àwọn èèyàn wa ni "a fẹ́ kí àyíká wa mọ́." Ta ni ò fẹ́? Kílò ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ ra ìwé kan lónìí, ẹ máa kọ ọ́: ike kílò mélòó lọ́sẹ̀ yìí, ta ló rà á, èló, ọ̀rá mélòó ló kù nílẹ̀. Ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀. Tí ìwé yẹn bá ti tó oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ yín á yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ń kọ gírámà. Ẹ tún ronú ẹni tó máa san rẹ́ǹtì nígbà tí gráǹtì bá tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀.

Adùkẹ́_Gwags:
Èmi ò ní parọ́, ẹ̀rọ yẹn lẹ ò tíì nílò. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fi owó gráǹtì ra ẹ̀rọ, iná ò sí, dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n, ewúrẹ́ ló ń sùn lábẹ́ ẹ̀ báyìí. Ẹni tó máa ra ọjà ni kẹ́ ẹ wá. Lábẹ́ òfin tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí àyíká, ń mójú tó, iléeṣẹ́ tó bá ń ta nǹkan nínú ike náà ló yẹ kó bójú tó kíkó ike yẹn padà, ìdí nìyẹn tí Nestlé, Seven-Up, Coca-Cola àtàwọn míì fi para pọ̀ dá FBRA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu fún àtúnlò ike, sílẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ sì ṣọ́ra, ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kí gráǹtì tó jáde, ẹ bílọ́ọ̀kù ẹ̀.

ÌyáÀánú_Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé a ò lè lo sátífíkéètì ṣọ́ọ̀ṣì wa? Pásítọ̀ ní kò burú.

Ọmọ_Ọ̀fà:
Ẹ wo ìwé òfin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ná mà, tí iṣẹ́ àyíká tàbí ìrànlọ́wọ́ aráàlú bá wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó lè ṣe é. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kì í fún ilé ìjọsìn lówó rárá. Tí mùsùlùmí bá sì wà láàárín yín, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

ÌyáÀánú_Kubwa:
Ó wà o, akápò wa gan-an ni. Màá pè é nírọ̀lẹ́ yìí.